Ilé Alámọ̀ Àwọn Bàbá Wa ní Ẹ̀pẹ́: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láì Wó O

Ilé bàbá àgbà mi wà ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Pẹtẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ síbẹ̀. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ ilé náà fọwọ́ ya òdòdó sí i, kò sì sí méjì tó bára mu nínú wọn. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi dáwó jọ láti tún un ṣe, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni àwa náà ṣe: a gba bíríkìlà, ó fi simẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara ilé, ó dán, inú wa dùn. Òjò ọdún kejì ni ara ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lọ́dún kẹta, odindi awẹ́ simẹ́ǹtì kan já bọ́ lẹ́yìnkùlé, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Mo na ọwọ́ kan ibi tó ti bọ́, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ògiri tó ti dúró kí wọ́n tó bí bàbá mi, simẹ́ǹtì ọdún mẹ́ta ló fẹ́ wó o.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ àwọn àgbà bíríkìlà lẹ́yìn, tí mo ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo ń kọ síbí fún ẹnikẹ́ni tó ní irú ilé yìí ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì, tí àwọn ẹbí sì ti ń sọ pé kí wọ́n wó o kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ó dùn mí gan-an bí mo bá gba àdúgbò kan kọjá tí mo rí i pé ilé tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti di ilẹ̀ gbalasa.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú àná. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó lóṣù Kejìlá 1851, ọ̀dọ̀ wa níbí ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ forí lé. Wọ́n bá àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ nílẹ̀, àwọn náà sì di Èkó Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854 ni Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà. Ẹni tó bá sì ní amọ̀ kì í pẹ́, kó rìn dé Èrèdò Súngbọ́. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì mọ di odi, gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 160 lọ, ibòmíràn wà tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó sì ti pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ ọ́n. Omi ni ọ̀tá amọ̀. Ẹni tó bá mọ bí òun ṣe máa lé omi jìnnà sí ilé ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ilé náà nígbà tí òjò ń rọ̀

Ẹ má tíì pe oníṣẹ́ kankan. Ẹ mú agboòrùn, kí ẹ yí ilé náà po nínú òjò. Níbo ni ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń dà sí? Ṣé ó ń ta sára ògiri? Ibo ni omi ń dúró sí? Ẹ wọ inú yàrá òkè, kí ẹ wo àjà bóyá ó ní àbàwọ́n omi, kí ẹ fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri. Wákàtí kan nínú òjò á sọ fún yín ju ohun tí ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lè sọ lọ.

Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ojúlé dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, òdòdó ara ògiri níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí èèyàn méjì tí kò gbé ibì kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jókòó ti àgbàlagbà tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè pé: ta ló kọ́ ọ, níbo ni wọ́n ti bu amọ̀, yàrá wo ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ páànù? Ìyá kan ló sọ fún wa pé kànga wà lábẹ́ ibi tí a rò pé ilẹ̀ ti ń rì lásán. Ká ní a ò béèrè ni, à bá ná owó sí ibi tí kò yẹ.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tó ti lanu ní tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì ń lanu sí i. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí apá ọ̀tún àti apá òsì ibi tó sán, kí ẹ fi rúlà wọn àárín wọn, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ẹ bá lè ṣe é fún ọdún kan, ìyẹn ló dára jù. Èyí tí kò kúrò lójú kan ti parí ìjà tirẹ̀, ẹ kàn máa dí i ni. Àmọ́ bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ògiri ti ń tẹ̀ síta, tàbí tí ilẹ̀ pákó òkè ń mì bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wá ẹnjiníà ilé tó ní ìwé ẹ̀rí. Mo fẹ́ràn ilé àtijọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilé kankan tó tó ẹ̀mí ọmọ ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ẹbí kí ẹ tó ra iyanrìn

Ọ̀pọ̀ ilé tó wó ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe òjò ló wó o. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ni. Àwọn ọmọ ìyàwó kan ní àwọn kò ní dáwó, àwọn kejì ń gba owó ilé jẹ, ẹni tó wà lókè òkun ní kí wọ́n tà á. Títí wọ́n á fi parí ìjà, òrùlé ti jìn.

Ẹ pe ìpàdé, kí gbogbo ìdí igi ní aṣojú, àti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ fẹnu kò lé lórí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì tọwọ́ bọ̀ ọ́: a ò ní tà á, a ò ní wó o, ẹni báyìí ni yóò máa mójú tó o, iye báyìí ni olúkúlùkù yóò máa dá lọ́dọọdún. Bí ilé náà bá ní ṣọ́ọ̀bù níwájú, kí owó rẹ̀ wọ àpò ilé kó tó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé mọ òfin yìí. Ilé ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí nìkan. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà tó ń ṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tètè lọ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń báni parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, Citizens' Mediation Centre ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó ná owó lọ́ọ́yà.

Bí dẹfẹlọ́pà bá sì wá pẹ̀lú àdéhùn pé òun yóò kọ́ ilé alájà mẹ́ta, tí ẹbí yóò gba fúláàtì méjì nínú rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí títún ilé ṣe máa ná yín. Nínú ẹbí tiwa, nígbà tí a jókòó ṣe ìṣírò, òrùlé àti ògiri pọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí à bá fi kọ́ tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lé omi lọ

Òrùlé ló ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ má kun ọ̀dà, ẹ má rẹ́ ògiri, ẹ má ra fèrèsé, bí òrùlé bá ṣì ń jò. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun òkè lọ wo páànù níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà mìíràn kì í ṣe páànù ló bàjẹ́, orí ìṣó ló ti jẹ ìpẹtà tí omi ń gbabẹ̀ wọlé. Ṣíṣí ìṣó náà kúrò kí a fi ìṣó onírọ́bà dípò rẹ̀ kò ná owó rẹpẹtẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo páànù, ẹ bá káfíńtà sọ ọ́ lójú pé kò gbọ́dọ̀ gé etí òrùlé kúrú. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi jẹ́ kí òrùlé yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Agboòrùn ògiri nìyẹn. Àṣà tó wà lóde báyìí ni kí wọ́n fi ògiri kékeré bo òrùlé mọ́lẹ̀ yíká, kí ó lè dà bí ilé Lẹ́kì. Lórí ilé alámọ̀, ikú ni. Bí gọ́tà inú rẹ̀ bá dí lẹ́ẹ̀kan péré, àárín ògiri ni omi máa gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún síìlì àtijọ́ tó dà bíi páálí líle, tó funfun tàbí tó rí bí eérú. Ó lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ọjọ́ ayé. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Bó bá ṣì dúró dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn òrùlé, ó kan ilẹ̀. Ẹ dúró níwájú ilé yín kí ẹ wo títì. Ọ̀pọ̀ ibi ni títì ti ga ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, nítorí lọ́dọọdún ni wọ́n ń da yẹ̀ǹpẹ̀ àti ọ̀dà títì lé e lórí. Ilẹ̀ tó wà lára ògiri náà ti ń ga díẹ̀díẹ̀, pàǹtí, eérú, iyanrìn, títí ó fi bo ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wà á kúrò, kí ilẹ̀ fi bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ bí ààyè bá wà, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀ síta kí omi lè ṣàn lọ. Ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń kán, ẹ tú òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà máa ta sára ilé. Ẹ má da kankéré yí ìdí ilé po mọ́ ògiri pinpin. Omi inú ilẹ̀ tí kò ríbi gbà jáde á gba inú ògiri gòkè.

Ilé ìwẹ̀ àti táǹkì omi kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri amọ̀. Ẹ kọ́ wọn sẹ́yìn, kí ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ògiri

Ògiri amọ̀ ń mí. Bí òjò bá rọ̀, ó ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀, bí oòrùn bá yọ, ó ń tú u jáde. Bí ẹ bá fi simẹ́ǹtì bò ó, omi ṣì ń wọlé láti ìsàlẹ̀ àti láti ojú ibi tó sán, ṣùgbọ́n kò rọ́nà jáde mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, amọ̀ a máa wú díẹ̀ bó bá rin, a máa sún kì bó bá gbẹ, simẹ́ǹtì ní tirẹ̀ kò mọ ìyẹn, ó le gan ni. Àwọn méjèèjì á wá pínyà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti fi simẹ́ǹtì rẹ́ ilé yín tẹ́lẹ̀, ẹ fi ìka kàn án kiri bí ẹni ń yẹ àgbọn wò. Ibi tó bá dún hòròhòrò ti ya kúrò lára ògiri, ẹ rọra fi ṣísẹ́lì yọ ọ́ láti etí, ẹ má fi òòlù ńlá lù ú. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ típẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí bí ẹ bá fi agbára ya á, á gbé amọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún oṣù kan tàbí méjì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni mo máa ń sọ pé kí àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ ògiri.

Amọ̀ tí ẹ máa fi dí ibi tó jìn, inú ilé náà gan-an ló ti dára jù kó ti wá. Èyí tó ti ya lulẹ̀, ẹ má kó o dà nù. Ẹ fọ́ ọ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tó, ẹ wá ilẹ̀pa, ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń dán ilẹ̀ wò. Ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó mọ́lẹ̀ kedere, bu ilẹ̀pa kún ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ da omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ló máa kọ́kọ́ silẹ̀, eruku kíkúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ gidi tó ń lẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn, òun ló máa wà lókè. Bí ilẹ̀ inú ìgò bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá, kí amọ̀ orí rẹ̀ wà láàárín ìdá kan àbọ̀ sí mẹ́ta. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi iyanrìn sí i. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ibi kékeré kan wò lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bó bá sán kiri, amọ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá ń bu bí ìyẹ̀fun sí yín lọ́wọ́, kò tó. Àgbà bíríkìlà kan tí mo máa ń lọ bá kì í lo ìgò rárá. Á bu ilẹ̀ tó rin, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, á dojú ọwọ́ délẹ̀. Èyí tí kò bá já bọ́ ló ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn á yí i ní okùn tín-ín-rín lọ́wọ́ bíi ti ọmọdé tó ń ṣeré.

Kí ẹ tó dí ihò, ẹ gbọ́n eruku rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi wọ́n ara ògiri, nítorí amọ̀ tútù kì í lẹ̀ mọ́ gbígbẹ. Bí ihò bá jìn, ẹ dí i ní ìpele ìpele, kí ìpele kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí òmíràn tó lé e. Koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ dára láti pò mọ́ ọn, ó ń dì í mú.

Ìrẹ́ òde, láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, ni ó yẹ kó jẹ́. Àwọn ará ayé àtijọ́ lẹ́bàá òkun níhà ọ̀dọ̀ wa máa ń sun ìkarahun láti fi ṣe é, ní báyìí, èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú àpò wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ìtọ́jú omi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kó dì bí ògì. Ìwọ̀n láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta. Ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ a máa gbẹ ẹ́ kíákíá jù, torí náà ẹ fi àpò tí ẹ rẹ sómi bò ó, kí ẹ máa wọ́n ọn fún ọjọ́ méje. Láìmù ń jó ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Bó bá ta síni lójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Fún kíkùn, láìmù yìí náà ni kí ẹ pò mọ́ omi kó ṣàn bí wàrà, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jìnnà sí ọ̀dà olóròóró, iṣẹ́ simẹ́ǹtì náà ló ń ṣe.

Ní ti àwọn òdòdó àti òpó gbígbẹ́ ara ilé, ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ ya á, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ lé e kí ẹ tọ ìlà rẹ̀, kí oníṣẹ́ kankan tó débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ohun líle ha á. Ìkan nínú tiwa bọ́ lọ́dún tí simẹ́ǹtì fi ń wú, fọ́tò ìgbéyàwó kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yà níwájú fèrèsé náà la fi rí bó ṣe rí, tí a fi tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Igi

Ẹ fi ìdí ọ̀bẹ lu gbogbo òpó àti férémù. Èyí tó bá dún bí àgbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà amọ̀ tóóró tí wọ́n ń gbà gòkè lára ògiri, ẹ fọ́ ọ, ẹ fi oògùn ikán sí ibi tó ti yọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, kí ẹ sì kó igi ìdáná kúrò nídìí ilé. Igi ìrókò tí àwọn bàbá wa lò kò rọrùn fún ikán láti jẹ. Bí ìdí férémù kan bá jẹrà, ẹ gé ibi tó jẹrà nìkan, kí káfíńtà so tuntun mọ́ ọn. Ẹ má yọ fèrèsé onígi tó ti pé 80 ọdún torí ẹsẹ̀ bàtà kan tó rà, kí ẹ wá fi aluminium rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ ara igi lè ní òjé nínú, ẹ má fi sáńdípépà ha á ní gbígbẹ, pàápàá níbi tí ọmọdé wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìjọba

Bí iṣẹ́ bá kọjá àtúnṣe wẹ́wẹ́, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàyẹ̀wò ilé, bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé yín, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò ẹnjiníà lọ bá wọn, kí ẹ fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún lè kọ̀wé sí National Commission for Museums and Monuments, àjọ tí òfin 1979 dá sílẹ̀, pé kí wọ́n wá wo ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ nìkan. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Ìta Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó, ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn èèyàn ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Àgbádárìgì, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró, torí pé àwọn èèyàn ń lọ wò ó, ẹnì kan sì ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Kí èèyàn máa gbé inú rẹ̀

Ilé tí a tì pa ń yára kú. Kò sẹ́ni tó máa rí ìkán omi àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ẹbí tó fẹ́ gbé ibẹ̀, ẹ fi yàrá ìsàlẹ̀ háyà fún aránṣọ tàbí fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ tún wáyà iná ṣe látòkèdélẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, torí pákó gbígbẹ àti wáyà tó ti bó kì í gbé pọ̀. Ìdáná gáàsì, ìta ni kó wà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta la fi sí. Gbogbo ọmọ ilé tó bá wà nítòsí á wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gun òkè páànù, ẹnì kan á gbá gọ́tà, àwọn ọmọdé á máa fi ìka kan ògiri kiri láti gbọ́ ibi tó ń dún hòròhòrò, màmá wa á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá kan lórí itan rẹ̀, á máa kọ ohun tí olúkúlùkù bá rí.